Wọ́n Ní Kí Wọ́n Tú Aláìsàn Sílẹ̀, Wọ́n Kọ̀ Jálẹ̀: Ohun Tójú Àwọn Dókítà àti Nọ́ọ̀sì Rí l'Ọ́balendé

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ṣé ẹ rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2014? Ṣé ẹ rántí ìgbà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá na ọwọ́ ìkíni, ẹni tó nà án sí á fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn bíi pé ejò ló rí? Ẹ ò ní gbàgbé òru ọjọ́ tí aago ń dún káàkiri, tí ọmọ ń jí ìyá, tí ìyá ń jí àbúrò, pé kí oníkálukú dìde kó fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì mu nínú rẹ̀. Àwọn kan mu ún títí ó fi gbé wọn dé ọ̀run. Orógbó wọ́n bí ojú. Àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ká ẹní wọn nílẹ̀ lọ́jà, torí kò sẹ́ni tó tún fẹ́ fojú kan òkété tàbí ẹtu.

Ebólà ló fa gbogbo rẹ̀. Àrùn náà kì í ṣeré rárá. Ní Guinea, Sierra Leone àti Làìbéríà, èèyàn tó lé ní 11,000 ló bá a lọ láàárín ọdún 2014 sí 2016. Odidi agboolé ló ṣófo níbòmíì. Ní Nàìjíríà tiwa ńkọ́? Èèyàn 20 péré ló kó o, mẹ́jọ ló kú. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ sì mọ Èkó. Ẹ mọ Òṣòdì, ẹ mọ Ìdúmọ̀tà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń há wa mọ́ inú dánfó. Ká ní iná yẹn ràn níbẹ̀ ni, ta ni ì bá pa á?

Ọlọ́run ló ṣe é, kò sí àní-àní. Àmọ́ ọwọ́ àwọn èèyàn kan l'Ọlọ́run lò, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù kan l'Ọ́balendé. Ìtàn wọn ti di ìtàn àtijọ́ lójú ẹlòmíì, wọ́n tilẹ̀ ti ṣe fíìmù rẹ̀ ní 2016, 93 Days ni wọ́n pè é. Àmọ́ apá kan wà nínú ìtàn náà tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ, òun gan-an ló sì kan ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ọmọ lọ sí ọsibítù rí.

ARÌNRÌN-ÀJÒ TÓ ṢUBÚ N'ÍKẸJÀ

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́ oṣù Keje 2014 ni. Ọkọ̀ òfurufú kan tó ti Lomé wá balẹ̀ ní pápákọ̀ Murtala Muhammed n'Íkẹjà. Patrick Sawyer wà nínú rẹ̀, ọmọ Làìbéríà tó tún jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ìjọba Làìbéríà. Ìpàdé ECOWAS kan ní Calabar ló ń lọ. Ara rẹ̀ ò yá. Bó ṣe dé Ìkẹjà báyìí ló ṣubú lulẹ̀.

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọsibítù ìjọba ni wọn ì bá gbé e lọ. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ìjọba ti dáṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù náà. Ẹ fojú inú wò ó ná: wọ́ọ̀dù gbogboogbò, aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, aláìsàn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn ẹbí tó ń gbé oúnjẹ wọlé jáde, kí wọ́n sì wá tẹ́ ọkùnrin yìí sí àárín wọn! Nígbà míì, ohun tá à ń bú gan-an ló máa ń gbà wá. Ọsibítù aládàáni kan, First Consultants, l'Ọ́balendé, ni wọ́n gbé e lọ.

Wọ́n bi í bóyá ó ti sún mọ́ ẹnikẹ́ni tó ní Ebólà. Ó ní rárá o. Irọ́ gbáà. Arábìnrin rẹ̀ ti kú ikú Ebólà ní Làìbéríà nínú oṣù Keje yẹn kan náà. Àwọn dókítà rò pé ibà ni, ta ni kò sì ní rò bẹ́ẹ̀ l'Ékòó? Wọ́n fún un ní oògùn ibà. Ara rẹ̀ ò balẹ̀.

Irọ́ yìí kì í ṣe ti Sawyer nìkan, ká má tan ara wa. Mélòó nínú wa ni nọ́ọ̀sì ti bi pé, "Màmá, ṣé ẹ ti lo nǹkankan kí ẹ tó wá?", tá a sì fi gbogbo ẹnu dáhùn pé a ò lo nǹkankan, nígbà tó jẹ́ pé ìkòkò àgbo ṣì wà lórí iná nílé? À ń tijú, tàbí à ń bẹ̀rù kí wọ́n má jágbe mọ́ wa. Wọ́n sì máa ń jágbe mọ́ni lóòótọ́. A ó padà dé orí ọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh yí wọ́ọ̀dù ká, ó sì dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí. Àgbà dókítà ni níbẹ̀, ó ti lò tó ogún ọdún ní ọsibítù náà. Ọmọ ilé ńlá ni l'Ékòó: Herbert Macaulay, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sórí náírà kan, wà lára àwọn baba ńlá rẹ̀, bàbá tó bí i sì ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó. Ebólà ò dé Nàìjíríà rí kó tó di ọjọ́ yẹn, kò sí aláìsàn rẹ̀ kankan tí obìnrin yìí ti fojú rí. Síbẹ̀ ó wo ọkùnrin náà, ó tún ìbéèrè bi í, ọkàn rẹ̀ ò gbà á pé ibà lásán ni. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí ọkùnrin náà má sì kúrò níbẹ̀ títí èsì á fi dé.

FÓÒNÙ Ń DÚN

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Sawyer ní òun ń lọ sípàdé. Wọ́n ní inú bí i débi pé ó fa dírípù tí wọ́n fi sí i lára yọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Aṣojú ìjọba Làìbéríà ní Nàìjíríà pe ọsibítù lórí fóònù, ó ní ìjínigbé ni wọ́n ń ṣe, ó ní wọ́n ń tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè òun lójú, ó sì ń fi ẹjọ́ dẹ́rù bà wọ́n.

Ẹ fi ara yín sípò wọn. Ọsibítù aládàáni ni, owó aláìsàn ni wọ́n fi ń san owó oṣù. Ẹni tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kì í ṣe mẹ̀kúnnù, odidi ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀. Èsì àyẹ̀wò kò tíì dé. Tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ṣebí wọ́n á kàn gba owó wọn ni, á wọkọ̀ òfurufú lọ sí Calabar, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ di ti ará ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní bú wọn. Tí wọ́n bá sì dá a dúró, tó wá jẹ́ pé ibà ni lóòótọ́ ńkọ́? Wọ́n dá gbèsè ẹjọ́ nìyẹn.

Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ń lọ sílé. Dókítà ò gbọ́dọ̀ fi agídí ti ìlẹ̀kùn mọ́ èèyàn bíi pé ó wà lẹ́wọ̀n. Ìyẹn gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Ká ní dídára àti bíburú ló dúró síwájú obìnrin yìí ni, ọmọdé á mọ èyí tó yẹ kó mú. Ohun méjì tó dára ló dojú ìjà kọ ara wọn: ẹ̀tọ́ ẹnìkan, àti ẹ̀mí àwọn tó wà níta tí kò mọ ohun tó ń bọ̀. Àwọn oníṣègùn ń pe irú ọ̀rọ̀ báyìí ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà nílé ìwé, àmọ́ ilé ìwé kì í pe èèyàn lórí fóònù láti halẹ̀ mọ́ ọn.

Adadevoh ní nítorí ire gbogbo ìlú, kò ní lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parí ìtàn náà sí nìyẹn: obìnrin kan tó láyà. Ó láyà lóòótọ́. Àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè: ká ní ọ̀gá tó ni ọsibítù ní "Madam, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yìí máa lọ," kí ni àyà tó láyà yẹn ì bá ṣe? Dókítà Benjamin Ohiaeri tó jẹ́ ọ̀gá wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró ti obìnrin náà. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró tì í. Wọ́n fi igi dí ẹnu ọ̀nà yàrá tí Sawyer wà. Adadevoh wá ìwé lórí Ebólà, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n pín in fún òṣìṣẹ́ kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n dojú kọ, wọ́n sì ń wá ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ìdáàbòbò kiri. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó ìjọba létí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Èsì dé: Ebólà ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25 oṣù Keje, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí Sawyer fi kú.

Ẹ̀MÍ TA LÓ WÀ NÍBẸ̀?

Ebólà kì í fò lójú ọ̀run bí ikọ́. Inú omi ara ló wà: òógùn, ẹ̀jẹ̀, èébì, ìgbẹ́, itọ́. Ẹni tó kó o kì í kó o ran ẹlòmíì títí ara rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó sì lè lò tó ọjọ́ 21 lára kó tó fara hàn. Bí àìsàn náà ṣe ń le sí i ni ewu tó wà nínú fífọwọ́ kan aláìsàn ń pọ̀ sí i.

Ó dáa, ta ló ń fọwọ́ kan aláìsàn? Dókítà á wá, á wo ìwé, á fi ohun èlò gbọ́ àyà rẹ̀, á kọ oògùn, á sì kọjá sórí bẹ́ẹ̀dì tó kàn. Nọ́ọ̀sì ló ń gún un lábẹ́rẹ́, tó ń yí i nídùbúlẹ̀, tó ń nù ún lójú nígbà tó bá bì. Obìnrin tó ń gba wọ́ọ̀dù ló ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó rin gbindin, tó ń da póò nù. Kí àyẹ̀wò tó sọ pé Ebólà ni, gbogbo wọn ti fọwọ́ kan ọkùnrin náà. Ada Igonoh, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó kó o tó sì yè é, fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ lásán lòun fi gbé àpò dírípù Sawyer.

Gbogbo Nàìjíríà mọ orúkọ Adadevoh. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ló kú. Google fi àwòrán rẹ̀ sójú ewé wọn lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ ní 2018, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà kan l'Abuja. Àmọ́ èèyàn mélòó ló lè dárúkọ nọ́ọ̀sì tó kú ṣáájú rẹ̀? Justina Ejelonu ni. Kò tíì pẹ́ rárá tó gba iṣẹ́ ní ọsibítù náà tó fi bá wọn tọ́jú Sawyer. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ló kú. Obìnrin mìíràn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù bá a lọ pẹ̀lú, orúkọ tirẹ̀ ò tilẹ̀ wọ ìwé ìròyìn tó bó ṣe yẹ.

Wọ́n kó àwọn tó ṣàìsàn lọ sí ọsibítù àrùn tó ń ràn, ní Yábàá. Igonoh ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, èyí tá à ń fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́, lòun ń fi agídí mu, lítà mẹ́rin ó lé lójúmọ́, bí ó tilẹ̀ ń bì í. Kò sí oògùn kan pàtó fún Ebólà nígbà yẹn. Ẹni tó bá yè é, ara rẹ̀ àti ìtọ́jú ló gbà á.

Níta, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wá gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn. Èèyàn 894 ni wọ́n kọ orúkọ wọn. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn wọn, wọ́n ń wọn ìgbóná ara wọn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, wọ́n ti kan ilẹ̀kùn ní ìgbà tó tó 18,500. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe é ti ń bá iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ bọ̀, àwọn tí ẹ máa ń rí pẹ̀lú kúlà kékeré léjìká, tí ẹlòmíì máa ń lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

ẸNI TÓ DÁ A ṢE NÍ PORT HARCOURT

Ẹ wá gbọ́ òdìkejì ìtàn yìí. Ọ̀kan nínú àwọn tó fara kan Sawyer l'Ékòó, tí wọ́n ní kó má rìn jìnnà, wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Port Harcourt. Ó rí dókítà kan níbẹ̀ tó gbà láti tọ́jú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Inú òtẹ́ẹ̀lì ló ti tọ́jú rẹ̀. Aláìsàn náà gbádùn, ó padà sí Èkó. Dókítà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣì ń rí aláìsàn ní ọsibítù rẹ̀, ó tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí wọ́n dá a dúbúlẹ̀, ẹbí wá kí i, àwọn ará ìjọ rẹ̀ wá gbàdúrà, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ló kú, ó sì ti kó o ran ìyàwó rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ni wọ́n ní láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ níbẹ̀.

Kò yẹ ká dá òkú lẹ́bi ju bó ṣe yẹ lọ. Bóyá àánú ló ṣe é, bóyá owó ni, bóyá ẹ̀rù. Ohun tó dájú ni pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, òun nìkan ló sì rù ú. Kò sí nọ́ọ̀sì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì yẹn tó lè ní "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tá à ń ṣe yìí ò tọ̀nà." Kò sí ọ̀gá kankan tó lè bi í ní ìbéèrè. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Dókítà l'Ọ́balendé, dókítà ní Port Harcourt, ìwé kan náà ni wọ́n jọ kà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni iye èèyàn tó wà nínú yàrá.

KÍ LÓ WÁ KAN ÌYÁ ẸLẸ́PO NÍBẸ̀?

Ẹlòmíì á ní Ebólà ti lọ, kí ló kàn wá? Ó kàn yín. Ebólà kì í wá lójoojúmọ́, àmọ́ ìbéèrè tó dojú kọ àwọn èèyàn Ọ́balendé yẹn ń wá sí gbogbo ọsibítù ní gbogbo òru Ọlọ́run.

Wọ́n gbé aláboyún dé láago kan òru, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ò sì rí owó àsansílẹ̀ mú wá. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni tí kò bá sanwó. Nọ́ọ̀sì méjì péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ni kí wọ́n ṣe? Tàbí obìnrin ti bímọ tán, owó ò pé, wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì máa ṣọ́ ẹnu géètì kó má baà gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Tàbí dókítà kọ oògùn, nọ́ọ̀sì wò ó, ó rí i pé ìwọ̀n rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọmọ ọdún méjì. Ṣé kó sọ ọ́? Dókítà náà kì í gbọ́rọ̀, ó ti bú u rí lójú gbogbo èèyàn. Tàbí obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló rí i pé wọ́n tún abẹ́rẹ́ kan lò. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń gbálẹ̀?

Nígbà tí wọ́n bá dákẹ́, àwa la máa ń fara gbá a. Ìdí nìyí tí kò fi tó ká máa wàásù fún nọ́ọ̀sì pé kó níwà. Ọmọ ta ni kò mọ ìwà? Ohun tó yẹ ká bi ọsibítù ni pé: tí nọ́ọ̀sì yín bá sọ òótọ́, ta ló máa dúró tì í? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Láwọn ilẹ̀ kan, ọsibítù ní ìgbìmọ̀ tí dókítà, nọ́ọ̀sì, amòfin àti ẹlẹ́sìn jọ wà nínú rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ lè gbé ọ̀rọ̀ tó bá dí i lójú tọ̀ lọ láìsí pé wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, òfin ti ní kí ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìwádìí ìṣègùn lára èèyàn ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti aláboyún tó dé láago kan òru ló kù.

Láyé ọjọ́un, mátírọ́ọ̀nù ni ìgbìmọ̀ náà. Àwọn àgbà á rántí Ìyáàfin Kofoworola Abẹ́ní Pratt, tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas ní London, nílé ìwé tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860, tó sì padà wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe mátírọ́ọ̀nù ní UCH, n'Íbàdàn. Obìnrin tó bá dé irú ipò yẹn, bàtà rẹ̀ lásán á dún lẹ́yìn ọ̀nà, gbogbo wọ́ọ̀dù á gún. Dókítà pàápàá á gbọ́ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì kékeré mọ ẹni tóun lè sá tọ̀.

Ìdí míì tún wà. Àwọn nọ́ọ̀sì wa ti ń kó lọ sí ìlú òyìnbó wọ̀ǹtì-wọ̀ǹtì. Ẹni tó kù nílẹ̀ á máa dá tọ́jú wọ́ọ̀dù tó yẹ kí èèyàn mẹ́rin tọ́jú. Ẹni tó ti dúró láti àárọ̀, tí kò jẹun, tí ẹbí aláìsàn mẹ́ta ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá jágbe mọ́ ìyá àgbà, kò ṣe dáadáa, kò sì sí àwáwí tó lè sọ ọ́ di dáadáa. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó yé jágbe gbọ́dọ̀ wá ẹnìkejì fún un. Bákan náà ni ìbọ̀wọ́. Ẹni tó ní kí nọ́ọ̀sì fi tọkàntọkàn tọ́jú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí kò ra ìbọ̀wọ́ fún un, ikú ló ń rán an lọ.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014, ọdún Ebólà gan-an, wà fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ gé apá yìí, ẹ fi há ìwé àkọsílẹ̀ ọjà yín.

Òfin ní ọsibítù, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kankan ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, owó ìtanràn 100,000 náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀. Òfin ní kí wọ́n ṣàlàyé àìsàn àti ìtọ́jú fún aláìsàn ní èdè tó yé e níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Tí wọ́n bá ń da gẹ̀ẹ́sì bò yín lójú, ẹ ní "Ẹ jọ̀ọ́ Sísítà, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá." Òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ máa ròyìn àìsàn yín kiri. Òfin ní kí ọsibítù lẹ ìlànà tí èèyàn lè gbà fẹjọ́ sùn síbi tí ojú á ti rí i. Òfin mìíràn tún jáde ní 2017 pé ẹni tí ìbọn bá bà, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láì kọ́kọ́ béèrè ìwé ọlọ́pàá. Ní 2018, ìjọba tẹ ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, FCCPC, ló ń rí sí ẹjọ́ rẹ̀.

Ti nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ náà o. Òfin 2014 yẹn ní ọsibítù gbọ́dọ̀ dáàbò bo òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ìpalára àti àrùn. Ó sì ní òṣìṣẹ́ ìlera lè kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó bá ń bú u, tó ń nà án, tàbí tó ń fi ìṣekúṣe lọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọkọ ìyàwó tí ẹ máa ń gbá nọ́ọ̀sì létí nígbà tí ìyàwó bá ń rọbí, ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, yálà aláìsàn ni tàbí nọ́ọ̀sì, ojú ewé lẹ́tà wà níbẹ̀, kó kọ tirẹ̀ wá.

EWÉKÒRÓ, 2020

Ẹbí Adadevoh dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, DRASA ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ wọn ni kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bí wọ́n ṣe lè fura sí àrùn tó ń ràn àti bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo ara wọn.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ara ọkùnrin ará Ítálì kan gbóná l'Éwékòró, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tó ti ìlú rẹ̀ dé. Ó lọ sí kílíníìkì ilé iṣẹ́ tó wá bá. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ibà ni wọn ì bá kọ́kọ́ pè é. Lọ́jọ́ yìí, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fura, wọ́n yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì pe ìjọba. Ọjọ́ 27 oṣù náà ni èsì jáde pé Kòrónà ni, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i lára rẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n ti gbé e wọ Èkó nígbà náà, lọ sí ọsibítù kan náà ní Yábàá, níbi tí Igonoh ti mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Nọ́ọ̀sì tó gbà á wọlé ti wọ ìbọ̀wọ́ kó tó dé.